Ìwé Ìtàn Àròsọ Sáyẹ́ǹsì Tí Kò Gùn

Ẹ̀yin ará, bí ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì bá wù yín kà ṣùgbọ́n tí ìwé olójú-ewé 600 ń dẹ́rù bà yín, mo rọ̀ yín pé kí ẹ fi àwọn tó kúrú bẹ̀rẹ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ máa ń dárúkọ ni The Time Machine tí H. G. Wells tẹ̀ jáde ní ọdún 1895, tí ẹ lè kà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì ayélujára Project Gutenberg. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wá Binti, ìwé Nnedi Okorafor tó jáde ní ọdún 2015, nínú èyí tí ọmọbìnrin kan láti inú ẹ̀yà Himba ní gúúsù Áfíríkà ti yọ́ fi ilé sílẹ̀ láti lọ kàwé ní yunifásítì kan tó wà lórí pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wọ̀ kò jẹ́ kí n lè gbé ìwé náà sílẹ̀ títí mo fi kà á tán, òun ni mo sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ rí òmíràn, ẹ lọ wo àtòkọ ẹ̀bùn Hugo àti Nebula, tí wọ́n máa ń fún àwọn ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì tó dára jù, nítorí pé àwọn méjèèjì ní ìsọ̀rí fún novella, ìyẹn ìtàn tó tó 17,500 ọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò ju 40,000 lọ. Ẹ má ṣe wo àwọn tó gba ẹ̀bùn nìkan. Ẹ ka àwọn tí wọ́n jọ díje pẹ̀lú, nítorí mo ti rí ìwé tó dùn gan-an láàárín wọn.