Bá a ṣe ń ka káńtì ìgbèríko Amẹ́ríkà: àwọn èèyàn ibẹ̀ àti ìbò wọn

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá parí ìbò ààrẹ ní Amẹ́ríkà ni máàpù pupa àti búlúù yẹn máa ń jáde, pupa fún ẹgbẹ́ Rìpọ́blíkà, búlúù fún ẹgbẹ́ Démókírátì, tẹ́ ẹ bá sì wò ó, pupa lẹ ó kàn máa rí lọ súà, làwọn èèyàn á bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé gbogbo orílẹ̀-èdè yẹn ti di ti Rìpọ́blíkà. Ó máa ń ká mi lára gan-an ni. Ilẹ̀ ni máàpù yẹn ń fi hàn yín, ilẹ̀ kì í sì í lọ tò sórí ìlà láti dìbò. Ẹ wo Loving County ní Texas (káńtì ni ìpín tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀, bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa), èèyàn 64 péré ni ìkànìyàn 2020 bá níbẹ̀, àmọ́ lórí máàpù ó fẹ̀ ju Manhattan ní New York lọ fíìfíì, bẹ́ẹ̀ Manhattan yẹn, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ ló ń gbébẹ̀.

Nítorí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí ìgbèríko Amẹ́ríkà ṣe ń dìbò ní tòótọ́, ẹ pa máàpù tì ná, kẹ́ ẹ mú káńtì kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ jókòó tì í dáadáa. Èyí tí màá fi ṣàlàyé ni Elliott County ní ìpínlẹ̀ Kentucky, torí mi ò tíì rí èyí tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ tó o.

Ohun àkọ́kọ́, ẹ rí i dájú pé káńtì tẹ́ ẹ ń wá lẹ mú. Orúkọ wọn máa ń jọra, Washington County nìkan, ó wà ní nǹkan bí ìpínlẹ̀ ọgbọ̀n. Ìjọba àpapọ̀ fún káńtì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà márùn-ún tí wọ́n ń pè ní FIPS, méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìpínlẹ̀, mẹ́ta tó kù jẹ́ ti káńtì fúnra rẹ̀, ti Elliott ni 21063. Nọ́ńbà yìí ni kẹ́ ẹ fi máa wá dátà, ẹ má fi orúkọ nìkan wá a.

Ó wá kan iye èèyàn. Ẹ lọ sí data.census.gov, ẹ tẹ orúkọ káńtì àti ìpínlẹ̀ síbẹ̀, ẹ kọ iye tí ìkànìyàn ọlọ́dún mẹ́wàá-mẹ́wàá gbé jáde. Elliott jẹ́ 6,748 lọ́dún 2000, ó di 7,852 lọ́dún 2010, ó wá di 7,354 lọ́dún 2020. Ẹ dúró níbí kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Káńtì kékeré orí òkè báyìí, níbo ni èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ti wá láàárín ọdún mẹ́wàá? Ẹni tí kò bá bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí á kàn kọ ọ́ pé "ìlú ń gbèrú". Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọdún 2005 ni ìpínlẹ̀ ṣí ọgbà ẹ̀wọ̀n ńlá kan síbẹ̀, Little Sandy Correctional Complex, ìkànìyàn Amẹ́ríkà sì máa ń ka ẹlẹ́wọ̀n sí ibi tó ń sùn, kì í kà á sí ilé tí wọ́n ti mú un wá. Àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ò lè dìbò, òfin Kentucky ò gba ẹni tó ń ṣẹ̀wọ̀n ọ̀daràn láyè láti dìbò. Wọ́n wà nínú iye àwọn ará káńtì, ẹ ò sì ní rí wọn nínú ìbò láé.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé kẹ́ ẹ wá táábù tí wọ́n pè ní "group quarters" kẹ́ ẹ tó sọ ohunkóhun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ka ẹlẹ́wọ̀n, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé nínú ọgbà yunifásítì, sójà inú bárékè, àwọn àgbàlagbà tó wà ní ilé ìtọ́jú. Tẹ́ ẹ bá rí i pé iye àwọn dúdú ṣàdédé fò sókè ní káńtì ìgbèríko tó jẹ́ pé àwọn funfun nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má tíì sọ pé àwọn dúdú ti ń kó lọ síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ọgbà ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ẹ yọ àwọn tí kò tíì pé ọdún 18, kẹ́ ẹ sì yọ àwọn tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè. American Community Survey, ìwádìí tí ọ́fíìsì ìkànìyàn máa ń ṣe lọ́dọọdún, ni ẹ ó lò fún ìyẹn, àmọ́ fún káńtì tí èèyàn ibẹ̀ kò tó 65,000, èyí tí wọ́n kó ọdún márùn-ún pọ̀ ṣe nìkan ni wọ́n ń gbé jáde, ẹ sì gbọ́dọ̀ wo àlàfo àṣìṣe tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan torí ní ibi kékeré ó lè tóbi débi pé nọ́ńbà yẹn ò wúlò mọ́.

Ó wá kan ìbò fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ló dùn jù. Orí sáìtì ọ́fíìsì tó ń bójú tó ìbò ní ìpínlẹ̀ lẹ ti máa rí i. Ẹ ṣí Excel, ẹ kọ ọdún, ìbò Démókírátì, ìbò Rìpọ́blíkà, ti àwọn yòókù, àti àpapọ̀. Iye ìbò gangan ni kẹ́ ẹ kọ o, ẹ má kọ pásẹ́ǹtì nìkan. Ní Elliott, Obama tó jẹ́ Démókírátì mú lé ní 60% lọ́dún 2008. Lọ́dún 2012 ó mú ìbò 1,186, Romney tó jẹ́ Rìpọ́blíkà mú 1,126, ọgọ́ta ìbò péré ló wà láàárín wọn, àwọn tó lè jókòó sínú bọ́ọ̀sì kan. Nígbà tó fi máa di 2016, Trump tòun náà jẹ́ Rìpọ́blíkà mú 70%.

Ẹ wá wo ẹ̀yìn. Ọdún 1869 ni wọ́n dá káńtì yìí sílẹ̀, láti ìgbà náà títí di 2016 kò dìbò fún Rìpọ́blíkà kankan rí fún ipò ààrẹ, kò tiẹ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ táábù rẹ̀ láti 2016 á rò pé ibi tó ti pupa láti ìṣẹ̀ǹbáyé ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀, ó kéré tán títí dé 2000.

Ẹ má sì dúró sórí ìbò ààrẹ nìkan. Lọ́dún 2019, Elliott yìí kan náà dìbò fún Andy Beshear, ọmọ Démókírátì, fún ipò gómìnà, lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n tún padà sọ́dọ̀ Trump. Ohun tó tún ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni ìwé ìforúkọsílẹ̀. Lọ́dún 2016 yẹn, Démókírátì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ní ìdí: ìbò abẹ́lé Kentucky, ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ló lè dìbò nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, tó bá sì jẹ́ pé inú Démókírátì ni wọ́n ti ń yan ṣẹ́ríìfù (ọ̀gá ọlọ́pàá káńtì) àti olórí ìjọba káńtì, kí lo fẹ́ lọ ṣe níbòmíì? Nítorí náà ìforúkọsílẹ̀ máa ń sọ ìtàn àtijọ́ fún yín, ìbò ló ń sọ ti òní. Ní Texas wọn kì í kọ ẹgbẹ́ sí ìforúkọsílẹ̀ rárá, ní North Dakota wọn ò tiẹ̀ ní ìforúkọsílẹ̀ olùdìbò.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti mọ ọ̀kan dáadáa, ẹ mú òmíràn tí kò jọ ọ́. Kì í ṣe funfun nìkan ló ń gbé ìgbèríko. Starr County ní Texas, lẹ́bàá ààlà Mẹ́síkò, àwọn Hispanic lé ní 95% níbẹ̀: Clinton tó jẹ́ Démókírátì mú nǹkan bí 79% lọ́dún 2016, Biden tóun náà jẹ́ Démókírátì mú 52% lọ́dún 2020, Trump ló wá gbà á lọ́dún 2024, Rìpọ́blíkà àkọ́kọ́ tó máa rí i gbà láti 1892. Oglala Lakota County ní South Dakota, ilẹ̀ àwọn Lakota tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀, Démókírátì ni wọ́n ń dìbò fún, àmọ́ àwọn tó ń jáde dìbò níbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń wá dátà àtijọ́ ti ibẹ̀, Shannon County ni wọ́n ń pè é títí di 2015, nọ́ńbà FIPS rẹ̀ náà yí padà láti 46113 sí 46102, bí ẹ ò bá mọ èyí, kọ̀ǹpútà á sọ fún yín pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Alaska ní tirẹ̀, wọn kì í ka ìbò ní káńtì-káńtì, ẹ yáa fi í sílẹ̀ ná.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ mọ irú èèyàn tó yí ìbò rẹ̀ padà, àpapọ̀ káńtì ò lè sọ ìyẹn fún yín. Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì county clerk, ìyẹn akọ̀wé káńtì, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní èsì ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n da ìbò tí wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ pọ̀ mọ́ ti ibùdó tàbí wọ́n kà á lọ́tọ̀, pàápàá tó bá jẹ́ ti 2020, torí tí wọ́n bá kà á lọ́tọ̀, iye tẹ́ ẹ bá rí ní ibùdó kì í ṣe gbogbo ìbò àdúgbò yẹn.