Bí orí ọmọ yín bá ti fara pa rí, ẹ ka èyí kí ẹ tó gbéra l'Ábújá lọ sí England

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin òbí. Láti ìgbà tí a ti padà dé láti England sí Lugbe, l'Ábújá níbí, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí Sunday kan tí ẹnì kan ò ní fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn, á máa bá mi sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé "Mummy Tóbi, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi ti ríṣẹ́ nọ́ọ̀sì sí England, ọmọ wa tí mọ́tò gbá lọ́jọ́sí ńkọ́, ṣé wọ́n á gbà á sí school níbẹ̀, ṣé wọn ò ní torí ẹ̀ fi fisa dù wá?" Mo máa ń dáhùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé sọ tán lórí ìdúró, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́. England ni mo mọ̀ o. Scotland, Wales àti Northern Ireland ní ìlànà tiwọn lórí ọ̀rọ̀ school, ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ kó béèrè ti ibẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Tóbi nígbà tí kẹ̀kẹ́ NAPEP gbá a ní Nyanya, 2018 nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni kò fi lajú. Nígbà tó jí, omi ló kọ́kọ́ béèrè, gbogbo wọ́ọ̀dù pariwo Jésù, Hajiya tó ń tọ́jú ọmọ tiẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kejì ń sọ pé Allah ya ba shi lafiya, kí Ọlọ́run fún un ní ìlera, èmi ń sunkún. Nígbà tó fi máa pé oṣù méjì ó ti ń rìn. A ṣe thanksgiving. Gbogbo èèyàn gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Àfi láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo bá a nílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá, ó ti wọ ìbọ̀sẹ̀ kan, ó mú ìkejì dání, ó kàn ń wò ó. Mo ní "Tóbi, wọ̀ ọ́ ká máa lọ." Ó gbójú sókè, ó ní "Mummy, kí ni mo fẹ́ ṣe?" Kò ṣeré rárá. Ohun tó ń ṣe ti bọ́ lọ́kàn ẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ méjì.

Ọgbẹ́ ara, a máa ń rí i tó ń jinná. Ti ọpọlọ, ojú ò rí i. Ọmọ lè máa rìn, kó máa kọrin ní children church, kó sì jẹ́ pé tó bá ti ronú fún ogún ìṣẹ́jú ó ti rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó gbẹ́ kànga, tàbí kó máa bínú sódì, tàbí kó máa gbàgbé ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un. Kì í sì í ṣe ti mọ́tò nìkan. Yírùnyírùn tó máa ń jà ní ìhà òkè ọya níbí nígbà ooru, ibà tó wọ inú ọpọlọ, ọmọ tuntun tí kò tètè mí tàbí tí ojú ẹ̀ pọ́n jù láì tètè gba ìtọ́jú, gbogbo ẹ̀ lè fi irú àpá yìí sílẹ̀. Èyí tó tún ń rú àwọn òbí lójú ni pé ọpọlọ ọmọ ṣì ń dàgbà, apá tó fara pa lè jẹ́ apá tí iṣẹ́ ẹ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀, ó lè di ìgbà tó wọ secondary school, tí wọ́n ní kó máa dá ètò homework ara ẹ̀ ṣe, kí àléébù yẹn tó yọjú, tí tíṣà á sì ní ọ̀lẹ ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látilé. Kí ẹ tó kúrò l'Ábújá, ẹ gba ìwé. Hospital tí wọ́n ti tọ́jú Tóbi, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo lọ kí n tó rí discharge summary gbà, ìwé tó ṣàlàyé àìsàn ọmọ àti ìtọ́jú tí wọ́n fún un, wọ́n ní fáìlì ti sọnù, ọjọ́ kẹta ni ọmọ kan tó ń ṣe IT níbẹ̀ bá mi fà á yọ lábẹ́ àwọn tó kù. Ẹ má ṣe bí èmi tó dúró de ọ̀sẹ̀ tí a máa wọ ọkọ̀ òfurufú. Ẹ gba discharge summary, ẹ gba àwòrán inú orí tí wọ́n yà, CT scan tàbí MRI, sórí CD, kì í ṣe ìwé èsì ẹ̀ nìkan, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ iye ọjọ́ tí ọmọ ò fi mọ nǹkan kan àti orúkọ oògùn tó ń lò gan-an, pàápàá tó bá jẹ́ oògùn gìrì, torí orúkọ tí wọ́n kọ sára páálí níbí lè yàtọ̀ sí tọ̀hún. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Report card school ti ṣáájú ìjàǹbá àti ti ẹ̀yìn ẹ̀, méjèèjì, torí òun ló máa jẹ́rìí pé ọmọ yìí ò rí báyìí tẹ́lẹ̀.

Ní ti ẹ̀rù fisa, ẹ fọkàn balẹ̀. Àyẹ̀wò ìlera tí UK ń béèrè lọ́wọ́ àwa tó ń ti Nàìjíríà lọ fún ohun tó ju oṣù mẹ́fà lọ, ti TB, ikọ́ ẹ̀gbẹ, ni, ọ́fíìsì IOM, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣí lọ sílẹ̀ òkèèrè, ni ẹ ti máa ṣe é níbí. Owó ìlera tí wọ́n ń gbà mọ́ fisa jẹ́ £776 lọ́dún fún ọmọdé, £1,035 fún àgbà, ẹni tó gba Health and Care Worker visa àti ìdílé ẹ̀ kì í san án. Òfin ẹni tó lè kó ọmọ dání ti yí padà gan-an o: láti January 2024 ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ò lè kó ìdílé lọ mọ́, láti March 2024 àwọn care worker náà ò lè kó wọn lọ. Ẹ wádìí tiyín lórí wẹ́bsáìtì ìjọba UK fúnra ẹ, ẹ má gba ti ejẹ́ǹtì gbọ́ lásán.

Tẹ́ ẹ bá dé, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, dókítà àdúgbò. Ọ̀fẹ́ ni. Bí obìnrin tó wà ní ìdí kọ̀ǹpútà bá ní àfi tẹ́ ẹ bá mú bíìlì iná wá, ẹ fi sùúrù sọ fún un pé NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, fúnra wọn sọ pé àìní ìwé àdírẹ́sì tàbí ìwé fisa ò tó láti kọ èèyàn. GP yìí ló máa kọ̀wé sí dókítà àwọn ọmọdé, látibẹ̀ lẹ máa ti dé ọ̀dọ̀ físíò, occupational therapist tó ń kọ́ ọmọ ní bó ṣe máa wọṣọ, jẹun, kọ̀wé, àti speech therapist tó ń ran ọmọ lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ máa dúró pẹ́, mi ò ní tàn yín. Kí ẹ máa pè wọ́n ni. Tí gìrì bá mú un tí kò tètè lọ, ẹ pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì ibẹ̀, lójú ẹsẹ̀, ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹni tó mọ àdúrà gbà. Bí ìyá àgbà tó ń tọ́jú ọmọ ò bá gbọ́ òyìnbó dáadáa, ẹ béèrè ògbufọ̀ Yorùbá, wọn ò ní gba kọ́bọ̀, ẹ má fi ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ṣe ògbufọ̀ ọ̀rọ̀ tó wúwo báyẹn.

Físíò ibẹ̀ yàtọ̀ sí tibí. Níbí a máa ń sanwó fún físíò kó wá sílé, á na ọmọ lẹ́sẹ̀, á fi òróró ra á, á lọ. Tibẹ̀ lè wá lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á jókòó pẹ̀lú yín, á kọ́ yín ní ohun tẹ́ ẹ máa máa ṣe pẹ̀lú ọmọ lójoojúmọ́. Inú bí mi nígbà yẹn, mo rò pé wọn ò ka ọmọ mi sí ni. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé èmi gan-an ni wọ́n fẹ́ sọ di físíò. Àwọn tí ọ̀rọ̀ tiwọn wúwo púpọ̀, dókítà lè kọ̀wé pé kí wọ́n gbà wọ́n sí The Children's Trust ní Tadworth, ní Surrey, ibi tí àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn fara pa ti ń gbé fún ìtọ́jú fúngbà díẹ̀. Child Brain Injury Trust ní tiwọn máa ń ran ìdílé lọ́wọ́, wọ́n sì máa ń bá school sọ̀rọ̀.

Ó wá ku school, ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe tó dùn mí jù.

Gbogbo school ìjọba níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní tíṣà kan tí wọ́n ń pè ní SENCO, òun ló ń mójú tó àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́. Òun ni kí ẹ béèrè lọ́jọ́ tẹ́ ẹ mú ọmọ lọ. Èmi ò béèrè ẹnì kankan. Mo fi oṣù mẹ́jọ pa á mọ́ra pé wọ́n á máa fojú abirùn wo ọmọ mi, ṣé ẹ mọ̀ wá, a kì í fẹ́ kí wọ́n gbọ́ nílé, ká má tíì wá sọ ọ̀dọ̀ òyìnbó. Láàárín oṣù mẹ́jọ yẹn wọ́n ti fìyà jẹ ẹ́ láìmọye ìgbà pé kì í gbọ́ràn. Ó ń gbàgbé ni o.

Tí ìrànlọ́wọ́ tí school ń ṣe ò bá tó, ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní EHCP, tó ń sọ ìrànlọ́wọ́ tí ọmọ gbọ́dọ̀ máa rí gbà, council, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ló ń ṣe é, òfin 2014 ló gbé e kalẹ̀, ó sì lè bá ọmọ lọ títí á fi pé ọmọ ọdún 25. Ẹ ò ní láti dúró de school, òbí lè kọ lẹ́tà fúnra ẹ̀. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà bá dé ọwọ́ wọn, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ní láti fi sọ bóyá wọ́n máa yẹ ọmọ wò, gbogbo ẹ̀ pátá ò sì gbọ́dọ̀ ju ogún ọ̀sẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́tà tí mo kọ́kọ́ kọ, mo ṣì lè kà á lórí. Mo ní Tóbi jẹ́ ọmọ dáadáa, ó ń gbìyànjú, Ọlọ́run ti ṣe é, nǹkan ń lọ sókè, a kàn fẹ́ ìrànlọ́wọ́ díẹ̀. Council ní rárá. Mo bínú títí. Obìnrin kan ní SENDIASS, ọ́fíìsì tó ń gba òbí nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, tó sì wà ní gbogbo council, ló fi ìka tẹ lẹ́tà mi, ó ní "Èmi náà tí mo bá jókòó níbẹ̀, màá ní rárá. Ọmọ tẹ́ ẹ kọ síbí ò nílò nǹkan kan." Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni pé ká máa fẹnu ire sọ nípa ọmọ ẹni, mi ò sì ní kẹ́ ẹ fi ẹnu burúkú sọ tiyín. Àmọ́ ẹni tó ń ka lẹ́tà yẹn ò gbọ́ ẹ̀jẹ́ tẹ́ ẹ jẹ́ nínú àdúrà, ìwé nìkan ló wà níwájú ẹ̀.

Bí mo ṣe ra exercise book aláwọ̀ búlúù kan nìyẹn. Alaalẹ́ ni mo ń kọ ọ́. "Tuesday: ó dé láti school ní aago mẹ́ta ààbọ̀, ó sùn sórí káàpẹ́ẹ̀tì tòun ti bàtà, kò jẹun títí di aago méje." "Thursday: mo ní kó lọ mú ìwé, omi àti bàtà wá. Omi nìkan ló mú wá. Mo tún un sọ. Ó tún mú omi mìíràn wá." Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìwé yẹn la kó pọ̀ mọ́ CD scan tó ti Àbújá bá wa lọ, a tún kọ lẹ́tà míì sí council, wọ́n sì ní kí educational psychologist, onímọ̀ nípa bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́, wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Tí wọ́n bá kọ̀ fún yín, àǹfààní àtipe ẹjọ́ wà ní tribunal, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀fẹ́ ni, oṣù méjì lẹ ní láti ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà wọn, tàbí oṣù kan láti ọjọ́ tẹ́ ẹ gba ìwé ẹ̀rí mediation, ìyẹn ìlàjà, èyíkéyìí tó bá gbẹ̀yìn nínú méjèèjì. Ẹ má jẹ́ kó kọjá. Tí wọ́n bá sì fi draft EHCP, èyí tí wọn ò tíì fọwọ́ sí, ránṣẹ́, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán lẹ ní láti fèsì. Ẹ kà á bí ẹni ń ka ìwé ilẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti kọ "á máa rí ìrànlọ́wọ́ tó bá yẹ", ẹ ní kí wọ́n sọ ta ni, ìṣẹ́jú mélòó, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀. Ti Tóbi, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé á máa sinmi fún ogún ìṣẹ́jú ní yàrá tó dákẹ́ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, wọ́n á máa sọ nǹkan kan ṣoṣo fún un lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú àwòrán. Àwọn nǹkan kéékèèké yìí ló yí ayé ọmọ yẹn padà.

Ẹ̀yin tí wọ́n kọ "no recourse to public funds" sí fisa yín, pé ẹ ò lè gba owó ìrànwọ́ ìjọba, school ìjọba, EHCP àti ìtọ́jú NHS ò sí lára ohun tí wọ́n ń pè ní public funds, ẹ má bẹ̀rù ẹ̀. Owó DLA tí wọ́n ń fún ọmọ tó ní àléébù wà lára ẹ̀ ní tiẹ̀, ẹ má lọ kọ fọ́ọ̀mù ẹ̀ láì bi ẹni tó mọ òfin ìwọ̀lú.

Tẹ́ ẹ bá sì máa padà wálé bíi tiwa, ẹ kó EHCP náà bọ̀. Nàìjíríà náà ní òfin lórí ẹ̀tọ́ àwọn tó ní àléébù, 2018 ló wà lórí ẹ̀, January 2019 ni ààrẹ fọwọ́ sí i, ẹ̀kọ́ ọmọ sì wà nínú ẹ̀. Mo mú ẹ̀dà méjèèjì dání lọ sí school tí Tóbi wà báyìí. Ọ̀gá àgbà ò kà ju ojú ìwé kan lọ, ó ní kí n sọ ọ́ lẹ́nu ara mi. Mo ṣí exercise book búlúù yẹn, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti Tuesday.