Ẹ Má Kó Òròmọdìẹ Wọ Inú Eruku Àgbà Adìẹ

Láti ìgbà tí adìẹ ti ń rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ yìí, ohun kan náà ni gbogbo yín ń wí: “A mà fún wọn lábẹ́rẹ́!” Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn gan-an lẹ kó wọn sínú ilé tí àgbà adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò, tí eruku ṣì wà lára ògiri.

Àrùn Marek ni. József Marek, dókítà ẹranko ará Hungary, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1907. Fáírọ́ọ̀sì ẹbí herpes ló ń fà á. Kì í ran ènìyàn. Eruku ara ìyẹ́ ló ń gbé e kiri, ó sì lè lo oṣù 4 sí 8 nínú eruku láìkú.

Bí òròmọdìẹ bá fà á símú, àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó pa á ló máa gbé e wọ inú ara. Láti ọjọ́ 3 sí 6, fáírọ́ọ̀sì yìí á máa pa sẹ́ẹ̀lì B, ọ̀wọ́ kan nínú àwọn ọmọ ogun ara. Sẹ́ẹ̀lì T, ọ̀wọ́ ọmọ ogun ara mìíràn, á jáde wá kojú rẹ̀, inú wọn náà ló máa kó sí, á sì lúgọ síbẹ̀ tó bá di nǹkan bí ọjọ́ 7. Sẹ́ẹ̀lì T yìí ló ń di jẹjẹrẹ nígbà tó bá yá, tí ẹsẹ̀ kan á nà síwájú, tí èkejì á nà sẹ́yìn. Kò sóògùn rẹ̀ mọ́. Ẹ yé fowó ra kápúsù.

Ọjọ́ tí òròmọdìẹ bá jáde nínú ẹyin ni kí ẹ fún wọn lábẹ́rẹ́ àjẹsára Marek, 0.2 ml lábẹ́ awọ ọrùn. Ẹ lo èyí tí ẹ pò tán láàárín wákàtí 1. Ẹ da èyí tó kù nù, ìbáà dùn yín.

Abẹ́rẹ́ yìí nílò bí ọjọ́ 7 kó tó múlẹ̀. Bí fáírọ́ọ̀sì bá ṣáájú rẹ̀, ẹ ti fowó ṣòfò. Nítorí náà, kí òròmọdìẹ tó dé, ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ tẹ́ sílẹ̀ jáde, ẹ fọ ògiri, àjà àti nẹ́ẹ̀tì. Ẹ ya àwọn òròmọdìẹ sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 14 ó kéré tán. Bí ẹ bá lè mú un dé oṣù 2, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì sọ pé ara àgbà adìẹ yín le. Adìẹ tó gba abẹ́rẹ́ ṣì ń kó fáírọ́ọ̀sì yìí, ó sì ń gbọ̀n ọ́n dànù láti ara ìyẹ́. Ọ̀dọ̀ òròmọdìẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ láàárọ̀. Ẹni tó bá ti wọ ọ̀dọ̀ àgbà adìẹ kò gbọdọ̀ padà sọ́dọ̀ òròmọdìẹ láìwẹ̀, láìpààrọ̀ aṣọ àti bàtà.