Kí ẹ tó kọ "Tribal" sí orin: bí a ṣe ń to orin ijó sínú kọ̀ǹpútà díjéè

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ díjéè lọ́dọ̀ mi ní Peckham, ní London, ẹ máa ń bi mí pé kí lẹ máa kọ sí àyè "Genre", ìyẹn irú orin, nínú Rekordbox, ètò kọ̀ǹpútà tí díjéè fi ń to orin. Ẹ má kàn gba ohun tí ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì bá kọ síbẹ̀ láìwádìí. Ohun tó bá wà níbẹ̀ lẹ ó fi máa wá orin náà, òun náà lẹ ó sì máa sọ fún ará ìlú lórí rédíò.

Ẹ kọ́kọ́ wá ìlú àti ọdún. Àwọn kan gbà pé Berlin ni techno, orin ijó tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe, ti ṣẹ̀ wá. Rárá o, Detroit ni, ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú mẹ́ta tí wọ́n jọ lọ sí iléèwé ní Belleville nítòsí Detroit, Juan Atkins, Derrick May àti Kevin Saunderson, lọ́wọ́ wọn wà nídìí rẹ̀. Ní 1981 ni Atkins àti Rik Davis gbé "Alleys of Your Mind" jáde lórúkọ Cybotron. Lóòótọ́, wọ́n ń gbọ́ Kraftwerk, ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Jámánì. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, kò bu ẹnikẹ́ni kù.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ẹni tó sọ orin náà lórúkọ. Ní 1988, Neil Rushton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń kó orin àwọn ọmọ Detroit jọ sínú àwo kan. "The House Sound of Detroit" ni wọn ì bá pè é, àfi bí Atkins ṣe mú orin kan wá tó pè ní "Techno Music". Bí orúkọ àwo náà ṣe yí padà nìyẹn. Orúkọ tó ti ẹnu olórin fúnra rẹ̀ jáde, ẹ dì í mú. "Urban" tí wọ́n ń kọ sí orin ńkọ́? Frankie Crocker, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ aláwọ̀ dúdú ní New York, ni wọ́n sọ pé ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ orin sọ ọ́ di àpò tí wọ́n ń kó gbogbo aláwọ̀ dúdú jù sí. Ní 2020, ilé iṣẹ́ orin Republic Records ní àwọn ò lò ó mọ́. Kò sí nínú kọ̀ǹpútà tèmi.

Ẹ béèrè ẹni tó jó o pẹ̀lú. Ní Warehouse, ilé ijó kan ní Chicago, níbi tí Frankie Knuckles ti ń lu àwo láti 1977, àwọn aláwọ̀ dúdú àti Látínò ló kún ibẹ̀, èyí tó pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin. Inú orúkọ ilé ijó yẹn ni orúkọ orin "house" ti jáde. Ẹni tó bá ń sọ ìtàn house tí kò dárúkọ wọn kò tíì sọ ọ́.

Ibi tó ń dùn mí jù wá nìyí. Ìlù kan á dún nínú orin, wọ́n á ní "tribal", ìyẹn orin ẹ̀yà. Ẹ̀yà wo? Ẹ tẹ́tí: ṣé bàtá ni, kóńgà Kúbà ni, àbí log drum, ìró báàsì tí àwọn ará Gúúsù Áfíríkà ń fi kọ̀ǹpútà ṣe? Ẹ gbọ́ "Love & Happiness" ti River Ocean, tí Louie Vega gbé kalẹ̀, tí akọrin obìnrin tó ń jẹ́ India kọ, tí Tito Puente sì lùlù sí. Yemọja àti Ọ̀ṣun ni wọ́n ń ké pè níbẹ̀! Ìyá wa ni wọ́n, àmọ́ ọ̀nà Kúbà ni wọ́n gbà dé New York. Ohun tí mo kọ ni: "House, New York, 1994", mo sì fi "Yemọja, Ọ̀ṣun, ọ̀nà Kúbà" sí àyè "Comments".

Ẹ má sì sọ ohun tí kì í ṣe tiwa di tiwa. Osunlade, ọmọ St. Louis tó tẹ Ifá, ló ni ilé iṣẹ́ orin Yoruba Records. House ló ń ṣe, ẹ kọ house.

Tí orin bá ní òbí méjì, ẹ kọ méjèèjì. Àwo tí Tony Allen ti Èkó àti Jeff Mills ti Detroit jọ ṣe ní 2018, "Tomorrow Comes the Harvest", mo kọ "Techno / Afrobeat" sí i, kó lè jáde èyíkéyìí tí mo bá tẹ̀. Èyí tí ẹ kò bá rí ìdí rẹ̀, ẹ fi "Genre" sílẹ̀ lófìfo, kí ẹ kọ ìlú àti ọdún nìkan, kí ẹ sì fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí olórin náà. Wọ́n máa ń fèsì.