Bí a ṣe tọ́jú ilé-ọmọ àti ìdí Màámi tó yọ síta

Àkísà tí Màámi fi ń há abẹ́ ni mo rí, ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n. Nígbà tí mo bi wọ́n, wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ọdún mẹ́rin ni wọ́n sì ti ń mu àgbo rẹ̀. Ilé ìwòsàn kékeré kan náà ti fún wọn lóògùn jẹ̀díjẹ̀dí láìwo abẹ́ wọn rárá. Ó ń dùn mí títí di òní.

Mo mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà obìnrin tó rí wa, ọ̀dọ́ ni, kò fi àyẹ̀wò náà mọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní bí èèyàn bá dùbúlẹ̀, ohun tó yọ lè padà wọlé. "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ lóṣòó, kí ẹ fipá tì í bí ìgbà tí ẹ bá fẹ́ yàgbẹ́." Nǹkan méjì ló yọ: ilé-ọmọ jáde pátá níwájú, ó fa àpò ìtọ̀ dání, ìfun ìdí jáde lẹ́yìn. Màámi gbà kí n wò ó, dókítà sì fi ìyàtọ̀ hàn mí. Jẹ̀díjẹ̀dí máa ń yọ ní kókó-kókó, pẹ̀lú ìlà láàárín wọn bí awẹ́ ọsàn. Bó bá jẹ́ ìfun fúnra rẹ̀ ló yọ, ìlà rẹ̀ á yí po bí òrùka tó tò léra. Bí òrùka ni ti Màámi rí.

Ó fi rúlà wọn ti ilé-ọmọ, ó ní ó ti dé ìpele kẹrin, ìyẹn ìpele ìkẹyìn. Ọmọ mẹ́jọ, igbá fùfú lórí fún ọgbọ̀n ọdún, ìgbẹ́ gbígbẹ: gbogbo wọn ló dá kún un. Wọ́n kọ́kọ́ fi òrùka rọ́bà gbé e dúró, àmọ́ ó ń já bọ́.

Wọ́n ya àwòrán kíndìnrín, torí ilé-ọmọ tó yọ tán lè dí ọ̀nà ìtọ̀. Wọ́n fi kámẹ́rà wo inú ìfun bóyá jẹjẹrẹ wà níbẹ̀. Kò sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń kun ìpara sí ọgbẹ́ ẹnu ilé-ọmọ kó tó jiná.

Ọ̀nà méjì ni dókítà iṣẹ́ abẹ là sílẹ̀ fún ìfun ìdí. Èkíní, kí wọ́n la ikùn, kí wọ́n rán ìfun ìdí mọ́ egungun ẹ̀yìn ìbàdí. Èyí kì í sábà padà yọ. Èkejì, kí wọ́n gba ìsàlẹ̀ ṣe é; ó rọrùn fún ara, àmọ́ ó lè padà yọ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru Màámi àti ọkàn wọn tí kò lágbára, ìsàlẹ̀ la mú.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n fún wọn. Dókítà obìnrin gba ojú ara yọ ilé-ọmọ, ó so òkè ojú ara mọ́ iṣan líle inú ìbàdí, ó sì rán ibi tí àpò ìtọ̀ ti ń tẹ̀ wálẹ̀. Dókítà kejì bó awọ inú ìfun tó yọ, ó fi òwú kó ẹran rẹ̀ jọ bí télọ̀ ṣe ń kó aṣọ jọ síbàdí síkẹ́ẹ̀tì, ó sì dá a padà sínú.

Ìrora náà mọ níwọ̀n. Ẹrù gbígbé ni mo bá wọn jà lé lórí: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọn ò gbọdọ̀ gbé gálọ́ọ̀nù omi, mo sì ti yàrá tí gálọ́ọ̀nù náà wà pa. Mò ń fún wọn ní ìbẹ́pẹ, omi púpọ̀, àti oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, dókítà ní kí wọ́n lóṣòó, kí wọ́n wúkọ́. Kò sóhun tó yọ. Màámi, tí wọn ò dé ṣọ́ọ̀ṣì fún ọdún méjì nítorí òórùn, wá bi í pé: "Dókítà, ṣé mo lè jókòó títí ìsìn á fi parí lọ́jọ́ Àìkú?"