Ẹ Má Tíì Ra Àpótí Lẹ́tà Yẹn: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lọ́dọ̀ Àwọn Ará Wa Ní Amẹ́ríkà

Iṣẹ́ pínpín lẹ́tà ni mò ń ṣe ní Maryland. Ó ti sú ìyàwó mi láti máa gbọ́ ẹjọ́ àpótí lẹ́tà nídìí oúnjẹ alẹ́, ó ní kí n lọ kọ ọ́ síbìkan kí òun rímú mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé, ẹ̀yin ni mò ń bá wí.

Èkíní, ẹ máa ń ra àpótí kẹ́ ẹ tó béèrè. Owó yín lẹ fi rà á, ilẹ̀ yín lẹ rì í sí, ṣùgbọ́n òfin USPS, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ló ń darí rẹ̀. Tó bá jẹ́ ti etí títì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi íǹṣì 41 sí 45 ga sí ojú títì, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì fi íǹṣì 6 sí 8 wọnú kúrò létí títì. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ yọ yín lẹ́nu. Apá ọ̀tún ni sítíárìn ọkọ̀ wa wà, orí ìjókòó la ti ń nawọ́ ṣí àpótí, ká ki lẹ́tà bọ̀ ọ́, ká pa á dé, ó di ilé kejì.

Ẹ̀gbọ́n kan lójú ọ̀nà mi kó bíríkì jọ, wọ́n mọ òpó gàgàrà bí ẹnu ọ̀nà ààfin, wọ́n há àpótí sínú rẹ̀. Ó rẹwà, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò dé e, ikùn mi ò sì jẹ́ kí n yọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lójú fèrèsé. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó jìnnà jù o." Wọ́n ní, "Ṣé o ò lè sọ̀ kalẹ̀ ni?" Mo lè sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ilé yòókù ládùúgbò ńkọ́? Ìgbà tí ọ̀gá mi kọ̀wé sí wọn ni wọ́n tó wó o, wọ́n sì tún sanwó fún bíríkìlà. USPS kò tiẹ̀ fẹ́ òpó kọ́ńkéré àti irú rẹ̀, torí bí ọkọ̀ bá yà bàrà kọlù ú, òpó ló yẹ kó wó, kì í ṣe èèyàn. Igi oníǹṣì 4 sí 4 tàbí páìpù irin oníǹṣì 2 ti tó, kẹ́ ẹ má sì rì í ju íǹṣì 24 lọ.

Èkejì, àpótí alágàdágodo. A kì í gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ má wulẹ̀ nà án sí mi. Ihò tí lẹ́tà ń gbà wọlé gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 10, kó ga tó íǹṣì 1.75, ó kéré tán.

Ẹ̀kẹta, nọ́ńbà ilé: kó ga tó íǹṣì kan. Ẹ kọ ọ́.

Ẹ̀kẹrin kan ẹ̀yin pásítọ̀ àtẹ̀yin olówàǹbẹ̀. Ẹ má ki ìwé ìsọjí tàbí káàdì ìpè tí kò ní sítáǹpù bọ inú àpótí onílé. Láti 1934 ni òfin ti kà á léèwọ̀, ìtanràn sì wà níbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ aládùúgbò kan ní Greenburgh, ìpínlẹ̀ New York, gbé e dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pé ó tẹ òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ àwọn lójú. Lọ́dún 1981, ilé-ẹjọ́ ní ìjọba ló jàre. Ẹjọ́ wo lẹ tún fẹ́ lọ rò? Ẹ lẹ sítáǹpù mọ́ ọn, tàbí kẹ́ ẹ kanlẹ̀kùn.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ò gba nọ́ńbà. Ẹbí gbà yín sílé, ẹ kọ àdírẹ́sì wọn sí fọ́ọ̀mù green card, orúkọ yín ò sì sí níbì kankan lára àpótí ilé náà. Orúkọ onílé nìkan ni mo mọ̀ níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Lẹ́tà tẹ́ ẹ ti ń gbààwẹ̀ lé lórí lè padà síbi tó ti wá báyẹn! Ẹ kọ orúkọ yín sórí bébà pélébé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn àpótí níbi tí ojú mi á tó o. Lórí fọ́ọ̀mù, ẹ kọ orúkọ onílé síbi tí wọ́n kọ "In Care Of" sí. Ẹ̀yin ará àpátímẹ́ǹtì, ẹ má fo nọ́ńbà fúláàtì yín.

Mo kanlẹ̀kùn lọ́jọ́ kan nítorí àpòòwé ìjọba. Àǹtí tó nilé yọjú. "Ẹ kú ilé mà. Ṣé Oluwaseun wà ńlé?" Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti ń yí padà kí ayálégbé wọn, Michael, tó yọrí látẹ̀yìn: òun náà ni Oluwaseun inú páásípọ́ọ̀tù! Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ inú páásípọ́ọ̀tù ni kẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ àpótí.

Bẹ́ ẹ bá sì ṣí lọ, lẹ́tà immigration kì í tẹ̀ lé yín, kódà bí pósọ́fíìsì ti mọ ilé tuntun. Àwọn immigration gan-an lẹ gbọ́dọ̀ sọ fún, láàárín ọjọ́ 10.

Owó tún ń dànù níbì kan: àwọn alágbàtà orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gba dọ́là 40 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láti bá yín yí àdírẹ́sì. Ọ̀fẹ́ ni ní káńtà pósọ́fíìsì. Lórí ìkànnì USPS fúnra rẹ̀, dọ́là kan àti sẹ́ńtì díẹ̀ ni, kí wọ́n lè fi káàdì báńkì mọ̀ pé ẹ̀yin ni.

Ẹ ń lọ ṣe Kérésì nílé? Ẹ ní kí wọ́n dá lẹ́tà yín dúró. Ọ̀fẹ́ ni, ó lè tó ọjọ́ 30. Ṣẹ́ẹ̀kì ńkọ́? Ẹ má fi í sùn sínú àpótí pẹ̀lú àsíá pupa lókè, èyí tó ń sọ fún wa pé lẹ́tà wà níbẹ̀ tá a máa gbé lọ; olè náà ń rí àsíá. Lẹ́tà ẹlòmíì, ẹ má tú u.

Ajá yín kì í géèyàn jẹ. Gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀, èmi ni mo sì ń ra ṣòkòtò iṣẹ́ tuntun. Ẹ so ó mọ́lẹ̀ kí n tó dé. Bí mi ò bá lè dé ìdí àpótí yín nítorí rẹ̀, ọ̀gá mi lè ní kẹ́ ẹ máa wá gba lẹ́tà yín ní pósọ́fíìsì, tàwọn aládùúgbò yín náà sì lè bá a lọ.