Bí ẹ ṣe lè fi eré ìdúnàádúrà kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí ogun Àlgéríà ṣe parí

Ẹ̀yin olùkọ́ ìtàn ní Abẹ́òkúta, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní 1962 ní Évian, ìlú Faransé tó wà létí adágún Geneva. Melun, ìlú kan nítòsí Paris, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ní oṣù Kẹfà 1960, níbi tí ìpàdé ti fọ́. Ìjọba Faransé ń fẹ́ kí ìbọn dákẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Àlgéríà ò gbà, nítorí ìbọn yẹn nìkan ló mú kí wọ́n ráyè jókòó.

Ọmọ SS2 14 ti tó: 6 fún Faransé, 6 fún GPRA, ìyẹn ìjọba fìdíhẹẹ́ Àlgéríà, 2 fún Swítsàlandì tó ṣe alárinà. Kò dìgbà tí ẹ bá gba Centenary Hall ní Aké. Kíláàsì méjì tó fara kanra ti tó. Ẹ má fi mọ sí ẹyọ kan o. Swítsàlandì ni àwọn aṣojú Àlgéríà ń sùn, wọ́n á wá sọdá adágún Geneva wá sí ìpàdé.

Ẹ fún ìhà kọ̀ọ̀kan ní ìwé àṣírí lórí ọ̀rọ̀ mẹ́rin: epo rọ̀bì Sahara, àwọn òyìnbó bíi mílíọ̀nù kan tó ń gbé Àlgéríà, ibùdó ọkọ̀ ogun Mers el-Kébir, àti ọjọ́ tí ìjà máa dáwọ́ dúró. Ìṣẹ́jú 20 ni kí wọ́n fi múra, 70 fún ìjíròrò, 30 fún àyẹ̀wò.

Ohun tó sábà máa ń ba eré yìí jẹ́ ni pé àwọn ọmọ ọ̀hún jẹ́ ọ̀rẹ́, wọ́n á tètè gbà fún ara wọn. Nítorí náà, kí ẹnì kan nínú 6 kọ̀ọ̀kan wà níta: De Gaulle, ààrẹ Faransé, ní Paris, àwọn àgbà GPRA ní Tunis. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí i, kò sí àdéhùn. Sahara ló fọ́ ìjíròrò 1961. Nígbà tó bá di ìṣẹ́jú 40, ẹ fún De Gaulle ní ìwé tuntun pé kó yọwọ́ níbẹ̀, bó ṣe ṣe ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ẹ ó rí i bí ìjíròrò á ṣe sáré. Mers el-Kébir á wá di ohun tí wọ́n lè fi ọdún 15 yá Faransé.

Níbi àyẹ̀wò, ẹ bi wọ́n pé gbólóhùn wo ló dáàbò bo àwọn ará Àlgéríà tó bá Faransé jagun. Ìwé àdéhùn Évian ti 1962 ṣèlérí pé a ò ní fìyà jẹ ẹnikẹ́ni nítorí ohun tó ṣe kí ìjà tó dáwọ́ dúró ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dúró ti ìlérí náà, wọ́n sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Ẹ má jẹ́ kí àkókò tán kí ẹ tó dé ibí yìí.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé àdéhùn 1893 láàárín Ẹ̀gbá àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀, èyí tí wọ́n pa tì ní 1914. Kí ìhà kọ̀ọ̀kan kọ ojú ìwé kan lórí ẹni tó lágbára láti ya ìwé méjèèjì.